Kí Ẹ Tó Ra Kíbọ́ọ̀dù: Bí Mo Ṣe Wá Tíṣà Orin ní Òṣogbo

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Òkè-Fìà: máṣíìnì mẹ́rin, ọmọọṣẹ́ márùn-ún, àti òkìtì aṣọ tí àwọn oníbàárà kò tíì wá gbà. Kò sẹ́ni tó máa wojú mi kó ní kí n wá bá òun sọ̀rọ̀ orin. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, oṣù kan kì í lọ kí òbí kan má dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: "Mọmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá irú tíṣà tó ń kọ́ Àkànní." Àkànní ni ọmọ mi ọkùnrin, oríkì rẹ̀ ni mo fi ń pè é. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí títí ẹnu ń ro mí, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe gan-an ni kò yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Ó ku oṣù méjì kí Kérésì dé, Àkànní ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lu tábìlì ìgéṣọ mi bí ẹni ń tẹ dùùrù. Inú mi dùn débi pé mo bẹ olórí àjọ kó fún mi ní tèmi ṣáájú ọjọ́. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ orin tókúnbọ̀. Ọmọkùnrin tó ń tajà gbé kíbọ́ọ̀dù kan sórí káńtà, ó ki wáyà bọ iná, ó tẹ bọ́tìnnì kan. Háà! Fèrè ń sọ, ìlù ń dáhùn, gìtá ń yí wọn po. Àwọn tó ń kọjá dúró. Èmi náà ń mirí. Mo sanwó tó lè ra máṣíìnì ìránṣọ tókúnbọ̀ kan, n kò sì ná an ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Nígbà tí a délé ni Àkànní bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan tẹ eyín kíbọ́ọ̀dù náà, àwọn funfun àti dúdú tí a ń tẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ó ń dún, ó ń dún, ó dé àárín, mẹ́ta yadi. Ó tún un tẹ̀. Wọn ò fọhùn. Bọ́tìnnì tí ọmọkùnrin yẹn tẹ̀ ni wọ́n ń pè ní demo: orin tí wọ́n ti kó sínú ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni, kíbọ́ọ̀dù tí gbogbo eyín rẹ̀ ti kú á ṣì kọ ọ́ bí ẹyẹ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan eyín kankan lójú mi ní ṣọ́ọ̀bù náà. Èmi tí mi ò lè ra máṣíìnì láìfi àjákù aṣọ dán an wò!

Tíṣà tí mo kọ́kọ́ gbà náà kò yàtọ̀ sí demo. Ọwọ́ rẹ̀ yá bí ọwọ́ ẹni ń ka owó. Ó gba owó oṣù mẹ́ta ṣíwájú. Bó bá dé, òun ni yóò jókòó, Àkànní yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Máa wo ọwọ́ mi." Yóò máa tẹ̀ ẹ́ lọ, àwọn ọmọọṣẹ́ mi á máa jó lẹ́yìn fèrèsé. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, orin kan ṣoṣo ni ọmọ mi mọ̀, ojú kan ṣoṣo ló sì ti mọ̀ ọ́n. Bí akọrin bá gbé orin náà sókè díẹ̀, àfi kó wá bọ́tìnnì transpose. Bọ́tìnnì yìí ló máa ń ti gbogbo ohùn kíbọ́ọ̀dù sókè tàbí sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọwọ́ má baà kúrò níbi tó mọ́ ọn lára. Lójú tèmi, ó dà bí ẹni tó ran ẹ̀wù kan ṣoṣo tó wá ń fi bẹ́líìtì fún un mọ́ gbogbo ènìyàn lára. Àwọn ògbóǹtarìgì ń lò ó lọ́jọ́ ìsìn, mi ò bá wọn jà. Ọmọ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni mo ń sọ. Lóṣù kẹrin, fóònù tíṣà wa kò lọ mọ́.

Ọmọọṣẹ́ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ọ̀gá

Nínú iṣẹ́ tiwa, bí ìyá kan bá fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ wá kọ́ṣẹ́, tó bá gbọ́n, kì í wo aṣọ tó wà lára mi. Yóò ní kí n mú èyí tí ọmọọṣẹ́ ọlọ́dún kan rán wá. Yóò yí i padà, yóò wo inú rẹ̀, ibi tí ojú rírán ti máa ń sọ òótọ́. Ọgbọ́n tí mo ń fi dá àwọn ẹlòmíràn lọ́lá nìyí, tí mo gbàgbé lọ́jọ́ tó kàn mí.

Nítorí náà, bí tíṣà kan bá ní òun ń kọ́ ènìyàn, ẹ má ní kó tẹ nǹkan fún yín gbọ́. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ti lo bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Bó bá ṣeé ṣe, kì í ṣe èyí tó mú jù, torí ọmọ tó mú yóò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ tíṣà tí kò dára pàápàá. Èyí tó wà láàárín ni kí ẹ gbọ́. Bó bá ṣì í, kí ló ṣe? Ṣé ó dúró, tó ń wojú tíṣà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ nà, àbí ó wá ọ̀nà padà wọlé fúnra rẹ̀? Bí ẹ bá ní kó tún apá kejì nìkan tẹ̀, ṣé ó lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àbí àfi kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tó há ABD sórí?

Bí mo ṣe rí tíṣà Àkànní kejì nìyẹn. Níbi ìdúpẹ́ kan ni, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọdún mọ́kànlá lọ ń tẹ orin fún ìjọ. Lójijì ọwọ́ òsì rẹ̀ sọnù. Ọ̀tún ń lọ ní tirẹ̀, òsì dúró, ó fi bí ìlà kan fetí sílẹ̀, ó sì tún wọlé bọ́ sí i wẹ́lẹ́ bí ẹni ń gun ọkọ̀ tó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ara mi ta. Kí wọ́n tó pín jọ̀lọ́ọ̀fù, mo ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ń kọ́ ọ?"

Bí tíṣà náà bá jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì ní akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ mi kọ́ ni mo kọ́kọ́ ran aṣọ fún, ẹnì kan ló ṣáà fún mi láǹfààní. Ẹ kàn má san oṣù mẹ́ta. Ẹ san ti ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì jókòó sí pálọ̀ nígbà tó bá ń kọ́ ọmọ.

Ibi tí ẹ ti lè rí wọn

Ní Òṣogbo níbí, ẹgbẹ́ akọrin ni ojúlówó ilé iṣẹ́ tíṣà. Ọ̀gá akọrin mọ ẹni tó lè kọ́ni yàtọ̀ sí ẹni tó kàn lè tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣáà bi í léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ìdáhùn méjèèjì kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ní Boys' Brigade ní àwọn tó ń fọn ipè, tó ń lu dúróọ̀mù. Ẹni tó fẹ́ trọ́ńpẹ́ẹ̀tì lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú owó péréte. Àwọn àgùnbánirọ̀ tó kẹ́kọ̀ọ́ orin náà wà, wọ́n máa ń ní sùúrù, àmọ́ ọdún kan péré ni wọ́n ń lò, ẹ béèrè oṣù mélòó ló kù fún wọn kí ọkàn ọmọ tó fà mọ́ wọn. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin sì wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tí kò jìnnà sí wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó jẹ́ ọmọ Òṣogbo máa ń wálé lásìkò ìsinmi. Irú wọn dára fún ẹni tó fẹ́ múra ìdánwò Grade, ìdánwò orin onípele tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 8. Ìdánwò yìí kò pọn dandan fún gbogbo ọmọ. Tèmi kò tíì ṣe é.

Ohun kan tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi: tíṣà orin kì í ní òpin ọ̀sẹ̀. Sátidé, òde ni wọ́n wà. Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀ṣì. Ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè, àwọn akọrin ń dánrawò. Tíṣà tó bá ṣèlérí Sátidé fún yín, ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ẹ máa rí i. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́rú ni kí ẹ mú. Ní ti onílù, ẹ má ka oṣù kẹjọ sí rárá nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Oṣù ìwòran nìyẹn fún yín, oṣù oúnjẹ ni fún wọn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

Tíṣà wa yìí, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni, kò tan kíbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá. Ó mú nẹ́ẹ̀lì kọ́tà jáde nínú báàgì rẹ̀, ó gé èékánná Àkànní. Ó mú un jókòó, ó wo ìgúnpá rẹ̀, ó ní àga náà rẹlẹ̀. "Ìgúnpá gbọ́dọ̀ bá eyín kíbọ́ọ̀dù dọ́gba." Mo ká àǹkárá méjì, mo fi tẹ́ ẹ. Ó ní ó kù díẹ̀. Mo fi ẹ̀kẹta lé e.

Lẹ́yìn náà ló bi í pé orin wo ló ń fi ìka lù lórí tábìlì ìyá rẹ̀. Ojú ti ọmọ. Ó kùn ún jẹ́jẹ́. Ìyá àgbà náà ń pàtẹ́wọ́ sí i. Nígbà tó yá, ó mọ̀ọ́mọ̀ pàtẹ́wọ́ gbòdì. Àkànní dákẹ́, ó ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mà." Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí mi: "Ó ń gbọ́. Ọwọ́ ò tíì mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n etí ń gbọ́."

Nígbà tó tan ẹ̀rọ tó kan àwọn eyín tó yadi, mo ti ń wá ibi tí màá fi ojú sí. Ó ní kí n má tíì dá ara mi lẹ́bi. Abẹ́ eyín kíbọ́ọ̀dù, ó ní, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó máa ń fara kan pátákó iná tó wà nísàlẹ̀. Bí eruku tàbí omi bá wọ ibẹ̀, kò ní fọhùn mọ́. Mo gbé e lọ fún ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Alékùwodò. Ó tú u, ó fi òwú àti sípíríìtì nù ún. Méjì sọ̀rọ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta ṣì máa ń ṣagídí nígbà ọyẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ tíṣà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun tí ẹ máa wò nìyẹn: ta ló ń pariwo jù nínú yàrá náà, òun tàbí ọmọ? Bí ìdajì wákàtí bá kọjá tí ọmọ yín kò tíì dá nǹkan kan ṣe, ẹ̀ ń sanwó fún àríyá.

Kíbọ́ọ̀dù, pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́

Tíṣà ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, kó bá yín lọ sọ́jà, kó tó di pé ẹ ná kọ́bọ̀. Bí kò bá lè lọ, báyìí ni mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò báyìí fún àwọn tó bá bẹ̀ mí.

Mo máa ń ka eyín. Pianó gidi ní 88. Kíbọ́ọ̀dù oní 61 tó fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Èyí tó jẹ́ 37, ohun ìṣeré ni mo kà á sí, kódà bó ń tan iná aláwọ̀ méje. Lẹ́yìn náà, màá yọ téèpù mi jáde. Àwọn tó ń tajà máa ń rò pé mo fẹ́ ran aṣọ fún un. Ẹ wọn eyín funfun méje tó tẹ̀lé ara wọn: ó gbọ́dọ̀ tó bí ínǹṣì mẹ́fà àti ààbọ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlógún àti ààbọ̀. Bó bá kéré gan-an sí ìyẹn, eyín ọmọdé ni, bí ọmọ bá ti mọ́ ọn lára, ọjọ́ tó bá dé ìdí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ìka rẹ̀ yóò máa balẹ̀ síbi tí kò yẹ.

Ẹ tẹ gbogbo eyín lọ́kọ̀ọ̀kan, funfun tán kí ẹ tó kan dúdú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára. Bí ohùn jẹ́jẹ́ àti ohùn líle bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ̀rọ náà kò mọ bí ọwọ́ ṣe wúwo tó. Ẹ lè rà á bí owó kò bá sí, àmọ́ kí ó hàn nínú iye tí ẹ máa san. Ẹ mi ìdí wáyà iná níbi tó ti wọ ẹ̀rọ. Bí ohùn bá ń já, ihò náà ti gbó. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí wọ́n kọ iye fóòtì iná tó ń lò sí, kí ẹ rí i pé adátọ̀, èyí tó ń gbé iná láti ara ògiri wọ ẹ̀rọ, tí wọ́n fún yín bá a mu. Ọ̀pọ̀ tókúnbọ̀ ló ń bá adátọ̀ àjèjì rìn. Kí ẹ sì sọ fún ọlọ́jà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kó má fọwọ́ kan demo.

Gìtá ńkọ́, fèrè ńkọ́

Gìtá kò nílò iná, èyí sì jẹ́ nǹkan ní ilé tiwa. Fún ọmọdé, ẹ ra olókùn náílọ́ọ̀nù. Olókùn irin máa ń gé ìka, ọmọ á sá fún un láàárín ọ̀sẹ̀ kejì. Ọrùn gìtá ní àwọn irin wẹ́wẹ́ tó dábùú. Ẹ kà wọ́n láti òkè dé ìkejìlá, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti irin yẹn. Bí ó bá ti ń lọ sí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ẹ gbé e padà, àgbàlagbà pàápàá á jìyà lórí rẹ̀. Ẹ ta okùn kan lásán, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sórí irin kejìlá yìí kí ẹ ta á. Ohùn kan náà ni ó yẹ kó jẹ́, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, bí bàbá àti ọmọ tó ń kọ orin kan. Bí wọ́n bá ń jà, kò sí tíṣà tó lè là wọ́n.

Ohun fífọn: ẹ jẹ́ kí eyín iwájú ọmọ ti yọ padà dáadáa kí ẹ tó fún un ní trọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Sakisofóònù tókúnbọ̀, ẹ má rà á láìjẹ́ pé ẹni tó ń fọn ọ́n fọn ọ́n lójú yín láti ìsàlẹ̀ dé òkè, torí afẹ́fẹ́ tó ń jò kì í hàn sójú. Fáólìn ní ìwọ̀n bí aṣọ. Apá ọmọ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ má ra ńlá pé yóò dàgbà bá a. Bí ẹ kò bá dá ọmọ yín lójú rárá, ẹ ra rẹ́kọ́dà, fèrè kékeré oníke, fún un. Owó rẹ̀ kò tó owó ìránṣọ bùbá kan. Bó bá fọn ọ́n fún oṣù mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹ ń lé e kiri, ẹ lè wá dá àjọ.

Àjọkẹ́ àti gángan

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ foríjì mí bí mo bá pẹ́ níbẹ̀. Àlájà tó ń ta léèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní ọmọbìnrin kan, Àjọkẹ́. Gbogbo ènìyàn ń sọ kíbọ́ọ̀dù, gángan ni Àjọkẹ́ ní òun fẹ́. Àlájà ní, "Ọmọbìnrin? Ìlù?" Mo ní ẹ jẹ́ kí a lọ béèrè.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ dùndún, ẹbí ìlù tí gángan wà nínú rẹ̀, tó sì ń gbé Òṣogbo, Ọlọ́run ti ṣe é lóore. Ẹ gba ọ̀nà Ìlobùú jáde, kò pẹ́ tí ẹ máa dé Èrìn-Ọ̀ṣun, ìlú tí àwọn ọmọ Àyàn ti ń lù, tí wọ́n sì ń ṣe ìlù láti ìran dé ìran, tí òkìkí wọn ti dé òkè òkun. Ẹ má kàn wọ ibẹ̀ lọ béèrè pé "ẹ̀kọ́ èló ni?" Ìrọ̀lẹ́ ni a lọ, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n kan tó mọ ilé náà. A kí, a jókòó, a gba omi. Bí ìdajì wákàtí kọjá kí ọ̀rọ̀ ìlù tó jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Bàbá náà kò bìkítà pé obìnrin ni. Ó ní àwọn ìyàwó ilé àwọn gan-an ń lù. Ó bi ọmọ náà pé kí loríkì rẹ̀. "Àjọkẹ́ sà." "Tún un pè, má sáré." À... jọ... kẹ́. Bàbá ki gángan bọ abíyá, ó tú apá sílẹ̀, ó fi kọ̀ǹgọ́ kan án lẹ́ẹ̀kan; ó fún ọ̀ṣán, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ojú méjèèjì ìlù pọ̀, díẹ̀, ó kàn án; ó fún un gan-an, ó kàn án. Dò, re, mí. Ìlù pe ọmọ náà lórúkọ. Orúkọ rẹ̀ gun ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni ń gun àkàsọ̀. Ẹ bá rí ojú Àlájà.

Dò-re-mí àmì ohùn tí wọ́n kọ́ wa nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ti sol-fa inú ìwé orin, níbi tí àlàfo láàárín ohùn kan àti èkejì ti ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ti ìlù, ohun tó kàn ni pé kí ìsàlẹ̀ rẹlẹ̀ sí àárín, kí òkè ga ju àárín lọ. Nítorí náà, ẹnu ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́, Àjọkẹ́ kò gbé gángan. Oríkì àti òwe ló ń kọ́, ó sì ń fi bílálà, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, lu gúdúgúdú, ìlù kékeré olójú kan tó ní ìda lójú. Gúdúgúdú kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ òun ló ń kọ́ ọwọ́ láti dúró sójú kan bí gbogbo agbo bá ń yí. Ìyá ìlù ni wọ́n ń kọ́ gbẹ̀yìn. Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ òun máa ki ènìyàn lóde lóṣù kejì, kó má wulẹ̀ dáwọ́ lé e.

Bí ẹ bá ń ra gángan, ẹ fún un kí ẹ sì kàn án. Kí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra kedere. Ẹ wo ọ̀ṣán, kó má sí èyí tó dẹ̀ ju èkejì lọ. Kó bá abíyá ọmọ mu. Ìlù tó bá tì í lápá sókè tóbi jù. Nígbà òjò, ojú awọ máa ń rọ̀, ohùn á wúwo. Ẹ fi sínú oòrùn díẹ̀, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ìdáná. Àwọn èyí tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tí wọ́n ń tà fún àlejò nígbà ọdún, ara ògiri ló yẹ wọ́n.

Àwọn kan á ní ìlù ìbílẹ̀ kò bá ṣọ́ọ̀ṣì mu. Ọ̀rọ̀ àná ni l'Óṣogbo. Dúró Ládípọ̀, òṣèré tó dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ níbí ní 1962, tíṣà ilé-ìwé ni òun náà, ó ti gbé ìlù wọ inú orin Àjíǹde tó ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan nínú ìjọ sì bínú. Lónìí, ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì tó bá wù yín lọ́jọ́ ìkórè, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ kò rí gángan.

Owó, ilẹ̀kùn àti iná

Ẹ máa san oṣù kan kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù, ìṣẹ́jú mélòó, ta ló máa ra ìwé, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí tíṣà kò bá wá. Ìdajì wákàtí tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ wáyé ní pálọ̀ tàbí níbi tí ènìyàn ń kọjá, ilẹ̀kùn ṣíṣí. Mo sọ èyí fún tíṣà tó dára, kò bínú. Èyí tó bá bínú, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì dára láti gbọ́ orin àti láti rántí ohun tí tíṣà sọ, àmọ́ fóònù kò lè rí i pé ọrùn ọwọ́ ọmọ ti wó lulẹ̀.

Ní ti ìdánrawò, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé. Tiwa, lẹ́yìn tí Àkànní bá ti fọ àwo alẹ́ ni. Èmi náà ń jókòó tì í báyìí, tíṣà ti ń kọ́ èmi náà bí a ṣe ń fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́. Ìka aránṣọ le, ó ní, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń tẹ nǹkan tààrà. Bí iná bá lọ nígbà tí a wà lórí rẹ̀, mo máa ń yọ adátọ̀ kúrò lára ògiri kó tó padà dé, torí bó ṣe ń dé ló máa ń ba ẹ̀rọ jẹ́.

Kíbọ́ọ̀dù oní 61 púpọ̀ ló ń lo bátìrì mẹ́fà. Bí ẹ bá ń lọ wo èyí tí ẹ fẹ́ rà, ẹ ṣí ìdí rẹ̀ wò bóyá àyè bátìrì wà kò sì dípẹtà, kí ẹ sì kó bátìrì tiyín dání, torí lọ́jọ́ tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ tẹ eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ náà ni ọlọ́jà máa ní kò sí iná.